Àga Bàbá Àgbà Nínú Pálọ̀ Ìgbàlódé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lemọ́lemọ́ nípa bí èèyàn ṣe lè da ohun àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti òde òní nínú ilé la kó jọ síbí. Kò pọn dandan kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá èyí tó kàn yín.

Kí lẹ ń pè ní ohun àtijọ́? Ṣé gbogbo nǹkan tó bá ti pẹ́ náà ni?

Rárá o. Àga tí wọ́n fi páálí àti gúlù lẹ̀ pọ̀, tí fóòmù rẹ̀ ti rì wọlé, àlòkù lásán ni, bó ti wù kó pẹ́ tó. Èyí tí à ń sọ ni ohun tí wọ́n fi igi gidi, irin, idẹ, awọ tàbí òwú ṣe, tó sì ṣì lè ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Àga onígi tí àwọn káfíńtà wa ń kàn láyé ọdún 1960 sí 1980, tí tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé yọ, bẹ́ẹ̀dì onírin tó ní kókó idẹ lórí, ṣòkéèsì onígíláàsì, àpótí onípáànù tí ìyàwó fi ń kó aṣọ wọlé ọkọ, àpótí ìjókòó gbígbẹ́, igbá fínfín Ọ̀yọ́, ẹní fàfá, àwo táńganran, rédíógíráàmù.

Ìdánwò kan ṣoṣo la máa ń lò: bí wọ́n bá tún un ṣe tán, ṣé ẹ máa lò ó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, tí kì í sì í ṣe ohun tí ẹ lè gbé kọ́ ògiri, ẹ fún ẹlòmíì.

Báwo ni kí ohun àtijọ́ ṣe pọ̀ tó nínú yàrá kan?

Ohun tí àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ sábà máa ń sọ ni pé kí ọ̀kan kó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kí èkejì kó ìdá méjì. Ó dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Márùn-ún síbí, márùn-ún sọ́hùn-ún ló máa ń da yàrá rú, torí kò sí èyí tó ń ṣe olórí.

Nínú pálọ̀ tí kò tóbi, ohun ńlá kan tó jẹ́ ti àtijọ́ ti tó, pẹ̀lú kékeré méjì tàbí mẹ́ta. Bí àga bá jẹ́ ti bàbá àgbà, kí tábìlì àárín jẹ́ ti ìwòyí, onígíláàsì tàbí onírin tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ṣòkéèsì bá jẹ́ ti ìyá, kí àga jẹ́ tuntun tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára. Àwọn kékeré tó jọra ni kí ẹ kó sójú kan: àwo táńganran márùn-ún lórí ògiri kan dùn ún wò ju kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí yàrá márùn-ún lọ.

Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ilé àwọn òbí yín. Ẹ wo abẹ́ ibùsùn, ẹ wo orí àjà, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé pàápàá, torí àìmọye àga tó dáa ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì kì í ṣe àga tó ti bàjẹ́. Oríkèé rẹ̀ ló tú, káfíńtà tó mọṣẹ́ á yọ ọ́, á họ gúlù àtijọ́ kúrò, á lẹ̀ ẹ́, á sì dè é mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kó kan ìṣó mọ́ ọn. Ìṣó ló ń la igi.

Ẹ má ra odindi sẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan tàbí méjì ni kí ẹ mú, kí ẹ kọ́kọ́ fi gbé ilé wò.

Ṣé kì í ṣe àṣà òyìnbó ni dída àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun yìí?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwa gan-an la ti ń ṣe é tipẹ́. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà sílé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún wá sí Èkó àti Porto-Novo. Ọwọ́ wọn la ti rí ilé alájà méjì tó ní òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya sára ògiri, tó ní fèrèsé onípákó, àmọ́ tí àgbàlá ẹbí ṣì wà láàárín rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ẹni tó bá sì rí mọ́ṣáláṣí ńlá Porto-Novo láti òkèèrè lè pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil.

Ní 1935, nígbà tí ọba George Karùn-ún pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn aláró wa ya òun àti ayaba rẹ̀ sínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó sì di bátànì tí wọ́n ń pè ní Olóba. Ògògà Ìkẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Ilẹ̀kùn ààfin tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, àwọn òyìnbó fẹ́ kó kù sọ́dọ̀ wọn, ọba sì gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum títí di òní. Ẹ lè jiyàn lórí ẹni tó jèrè jù. Èrò tèmi ni pé ìtẹ́ kankan kò tó ilẹ̀kùn yẹn.

Àga onígi bàbá mi ti dúdú, ojú rẹ̀ sì ti ṣú. Ṣé kí n kùn ún ní ọ̀dà ni àbí kí n ṣe é ní pólíìṣì?

Ẹ mọ irú igi tó jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìrókò wúwo, bó bá sì ṣe ń pẹ́ ló ń pọ́n rúsúrúsú. Apá wúwo jù ú lọ. Ọ̀gànwó pupa, ó sì máa ń dán. Àfàrà mọ́ díẹ̀, ó fúyẹ́. Arère funfun, ó rọ̀ débi pé èékánná lè kọ ojú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrókò, apá tàbí ọ̀gànwó ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Arère àti àfàrà tí ojú wọn ti bàjẹ́, ẹ kùn wọ́n bó ṣe wù yín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán pólíìṣì tó wà lára rẹ̀ wò. Ẹ rẹ òwú díẹ̀ sínú sípíríìtì, ẹ fi kan abẹ́ àga níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bó bá rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, ṣẹ́láàkì ni, irú èyí tí àwọn káfíńtà àtijọ́ ń pò fúnra wọn. Ẹ ò ní họ ìyẹn kúrò rárá. Ẹ fi aṣọ tí ẹ fún dáadáa nu ìdọ̀tí, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi aṣọ tí ẹ ká róbótó fa ṣẹ́láàkì tuntun lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tuntun á yọ́ wọnú ti tẹ́lẹ̀, ojú àga á sì là.

Bí sípíríìtì kò bá rí i ṣe, fáníìṣì ni. Ìyẹn ló ń fẹ́ sáńpépà: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 120, kí ẹ bọ́ sí 180, kí ẹ fi 240 parí rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ lé ìlà igi. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti dábùú rẹ̀ ló máa hàn ketekete nígbà tí pólíìṣì bá gbẹ. Bí káfíńtà bá gbé ẹ̀rọ oníná jáde pé òun fẹ́ tètè parí, ẹ ní kó gbé e padà sínú àpò.

Ibi tí ọwọ́ bàbá àgbà ti dán lórí apá àga, níbi tí igi ti rí mìnìjọ̀ ju ibi yòókù lọ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí pólíìṣì tó lè ṣe irú ẹ̀.

Ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lábẹ́ àga náà. Ṣé kí n dáná sun ún?

Ẹ má tíì sun ún. Kòkòrò tó ń jẹ igi ló ń fa ìyẹ̀fun náà, kì í ṣe ikán. Ikán máa ń fi ilẹ̀ ṣe ọ̀nà gun ara ògiri wá. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga nìkan, ẹ pe ẹni tó ń fín oògùn ikán kíákíá.

Ti kòkòrò, ẹ gbá ìyẹ̀fun náà kúrò, ẹ tẹ́ pépà dúdú sábẹ́ àga, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí pépà bá mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòkòrò náà ti lọ, ihò rẹ̀ ló kù. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá wà, ẹ fi abẹ́rẹ́ fa oògùn igi sínú ihò kọ̀ọ̀kan níta gbangba, ẹ fi ọ̀rá we àga náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ tó wá fi ìda dí ihò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ má sì ṣe é nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn.

Ohun kékeré tí wọ́n gbẹ́, bí ère tàbí ṣíbí onígi, ẹ lè dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òtútù á pa ẹyin àti ìdin inú rẹ̀. Àmọ́ fírísà tó ń dì gbagidi ni o. Bó bá jẹ́ irú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn lẹ ní, oògùn ló kù.

Dúróọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi kì í ṣí lásìkò òjò. Ṣé kí káfíńtà gé e?

Kò gbọ́dọ̀ gé e lásìkò òjò. Igi máa ń fa ọ̀rinrin mu, á wú. Tí ọyẹ́ bá dé, á sún kì. Èyí tí ẹ bá gé ní oṣù keje, ẹ máa rí i pé ó ń mì lógò lógò ní oṣù kìíní. Ẹ fi àbẹ́là pa ojú ọ̀nà tó ń gbà kọjá, kí ẹ ṣe sùúrù. Ẹ má gbé kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ sí ọ̀gangan ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí, igi á là.

Aṣọ wo ni kí n fi bo àga? Ṣé àdìrẹ le tó?

Àdìrẹ tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ ṣe kò le tó ibi ìjókòó. Ẹ lò ó fún ìrọ̀rí, fún ẹ̀yìn àga, fún kọ́tìnnì. Ibi tí èèyàn ń jókòó lé gan-an, ẹ lo aṣọ nínípọn aláwọ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ra àdìrẹ aláró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ funfun àlejò yín ló máa jẹ̀bi.

Oòrùn kì í jẹ́ kí aró pẹ́. Kọ́tìnnì àdìrẹ tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ fi aṣọ funfun ṣe inú rẹ̀.

Àwọ̀ ògiri wo ló máa bá igi dúdú mu?

Funfun tí kò tàn jù, tàbí àwọ̀ ẹ̀kọ. Ògiri eérú tó gbòde kan báyìí máa ń jẹ́ kí igi pupa rí bí ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ bi ẹni tó bá ti kùn ún. Tí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ tó lágbára, ògiri kan péré ni kí ẹ fi ṣe, kí ẹ sì mú un lára ohun tó ti wà nínú yàrá: dúdú aró ẹtù, pupa àlàárì, tàbí àwọ̀ sányán.

Gílóòbù náà wà níbẹ̀. Iná funfun báláú tó kún POP òde òní kì í jẹ́ kí igi àti idẹ fi ara wọn hàn. Ẹ wo ara páálí gílóòbù LED kí ẹ tó sanwó: èyí tí wọ́n kọ 2700K sí, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ti àtùpà, ni kí ẹ rà fún pálọ̀ àti yàrá.

Ṣé mo lè gé aṣọ òkè ìyá mi fi rán ìrọ̀rí?

Kí ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì, ẹ wo aṣọ náà dáadáa. Bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́ ni wọ́n hun ún, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bí ínṣì mẹ́rin, kí wọ́n tó rán wọn mọ́ra. Nítorí náà kò sídìí láti gé e. Ẹ tú ojú rírán, ẹ mú ìwọ̀n bẹ́lẹ́ tí ẹ nílò, ẹ sì ká ìyókù pa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ iwájú á lè rán an pọ̀.

Sányán tòótọ́, tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, ẹ má jókòó lé e rárá. Ẹ gbé e kọ́ ògiri lẹ́yìn gíláàsì, níbi tí oòrùn kì í dé, kí gíláàsì má sì kan aṣọ. Aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tó ń dán yinrin, ìyẹn lẹ lè fi rán ohun tó bá wù yín. Bí ìyá bá sì wà láàyè, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ó lè jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi sin wọ́n nìyẹn.

Fọ́tò àwọn àgbà tí wọ́n gbé kọ́ ọ̀kánkán àjà ńkọ́?

Nílé àwọn òbí wa, òkè téńté ni wọ́n máa ń gbé fọ́tò sí, tí wọ́n á dà á síwájú díẹ̀, kí bàbá lè máa wo gbogbo ẹni tó ń wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́ kó wà ní ìwọ̀n ojú, ìyẹn náà dáa. Èyí tó burú ni kí ẹ fi fọ́tò gan-an síta nínú ọ̀rinrin. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀dà, ẹ gbé ẹ̀dà kọ́ ògiri, kí ẹ fi ojúlówó pa mọ́ sínú àpò ìwé nínú dúróọ̀ tó gbẹ.

Mo fẹ́ lo rédíógíráàmù bàbá mi. Ṣé kí n kàn kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì?

Ẹ má dán an wò. Rọ́bà tó bo wáyà àtijọ́ máa ń gbẹ táútáú, á máa ṣẹ́, àwọn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná sínú ẹ̀rọ náà sì ti lè bàjẹ́. Èyí tó ń lo fáàfù gíláàsì máa ń ní ìwọ̀n iná tó ju ti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ nínú, ó sì lè gbá èèyàn kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́. Àgbà onírédíò tó mọ fáàfù ni kí ẹ gbé e fún.

Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, ẹ kó o sínú páálí, ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ orin Bluetooth sí àyè rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn onígi tí àwọn olówó ń lò nígbà WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, máa ń di kọ́bọ́ọ̀dù tó dáa púpọ̀. Àmọ́ onímọ̀ ni kó yọ gíláàsì ńlá inú rẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yin àti súkúrù-dáfà.

Ọkọ mi ní ilé wa ti ń jọ ìsọ̀ àlòkù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kó ìdajì kúrò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bó bá ku ìdajì tí wọ́n ṣì ń ráhùn, ẹ bi wọ́n èwo ni àga tiwọn, kí wọ́n fúnra wọn yan èyí tó máa dúró.

Ilé ìyá àgbà wa ti gbó. Ṣé ká wó o ká kọ́ tuntun, àbí ká tún un ṣe?

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìníà wo ìpìlẹ̀ àti ògiri kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ wíwó. Ilé àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ooru lò: ògiri nípọn, àjà ga, fèrèsé kọjú síra kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Búlọ́ọ̀kù olójú tó wà lára àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn ló wà fún. Ẹni tó bá dí i pa tó fi gíláàsì rọ́pò rẹ̀, owó iná ló ń rà. Ilẹ̀ tẹ̀rásò náà, ẹ má fi táìlì bò ó. Ẹ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́; àwọn òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á tún yọ, kò sì sí táìlì tó máa pẹ́ tó o.

Inú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbà pé ìdá mẹ́jọ lè jẹ́ ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí ilé ìdáná, balùwẹ̀, wáyà iná àti páìpù omi jẹ́ ti òde òní pátápátá. Kí pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ má sì rò pé ìjọba ló máa gbà á là fún yín. Ilojo Bar tó wà ní gbàgede Tinúbú ní Èkó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ti wà lára àwọn ilé tí ìjọba kéde pé ó jẹ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè láti 1956. Katakata wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Ewu wo ló wà nínú ọ̀dà àti àjà ilé àtijọ́?

Méjì ló ṣe pàtàkì. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, ó sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Amẹ́ríkà fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé ní 1978. Ẹ má họ ọ́ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ bo imú, ẹ kó èérún rẹ̀ dànù sínú ọ̀rá, kí àwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ náà.

Èkejì ni àjà asbestos, páálí líle aláwọ̀ eérú tó wọ́pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1990. Bó bá wà lódindi, ẹ lè kùn ún kí ẹ sì fi sílẹ̀. Kíkan ìṣó mọ́ ọn, lílu ú, fífọ́ ọ, ló ń tú eruku rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, eruku náà ló sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi òòlù já a lulẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà fún mi ti pẹ́ lóòótọ́?

Ẹ yí i padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Àpótí ìjókòó tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń jẹ ní ibi tí ìdí àti ẹsẹ̀ ń kàn, kì í jẹ káàkiri bákan náà. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá dúdú dọ́gba, títí kan inú kọ́lọ́fín tí ọwọ́ kì í dé, ẹ gbóòórùn rẹ̀: pólíìṣì bàtà àti èéfín kì í tètè lọ. Ẹ wo súkúrù. Èyí tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú kò tíì sí lọ́jà kí ọdún 1930 tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní àga òun ti wà láti ayé Gómìnà Lugard, kó ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀.

Kò burú láti ra ohun tuntun tí wọ́n ṣe bí ti àtijọ́, bí owó rẹ̀ bá jẹ́ owó tuntun.

Pásítọ̀ ní kí n kó ère àti ọpọ́n tí mo jogún dànù. Ṣé ó tọ́ kó wà ní pálọ̀?

A ò ní gbé ẹ̀yin àti pásítọ̀ tàbí ààfáà yín kọlu ara yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya nǹkan sọ́tọ̀. Ọpọ́n ayò, eré ni. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́, òpó gbígbẹ́ àti àpótí, ohun èlò ilé ni púpọ̀ nínú wọn. Ọpọ́n Ifá àti ère ìbejì yàtọ̀: wọ́n ti lo ọpọ́n fún iṣẹ́, ère ìbejì sì dúró fún ọmọ tó kú nínú ẹbí yín. A kì í gbé ère ìbejì ẹbí ẹni sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí òdòdó ike. Ẹ bi àwọn àgbà ẹbí. Bí ọkàn yín kò bá gbà á nílé, ẹ fún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ nínú ẹbí, tàbí kí ẹ lọ bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì tà á ní kọ̀rọ̀. Òfin Nàìjíríà, Decree 77 ti 1979, ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú èyí tó níye lórí tí wọ́n ti lò fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀, ìgbà yòówù kí wọ́n ṣe é. Kò sí ẹni tó lè gbé e kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo wà ní London. Ṣé mo lè kó àga bàbá mi wá?

Ẹ lè kó o, àmọ́ ìgbóná ilé lásìkò òtútù máa ń gbẹ igi tó dàgbà sínú ọ̀rinrin wa. Ẹ má gbé e sítòsí rédíétọ̀, ẹ sì jẹ́ kó wà nínú yàrá tí kò gbóná fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ẹ tó dì í, ẹ wò ó dáadáa nítorí kòkòrò. Ohunkóhun tó bá ní eyín erin lára, ẹ fi sílẹ̀ sílé: òfin Ivory Act tí wọ́n ṣe ní 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022, kò gbà kí wọ́n tà á níbẹ̀ àyàfi lọ́nà díẹ̀ tó há, kíkó o kọjá ẹnubodè sì tún ní òfin tirẹ̀.

Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti tà á lọ́hùn-ún, ẹ rántí pé àga onífóòmù tí wọ́n ṣe láti 1950 síwájú gbọ́dọ̀ bá òfin iná wọn ti 1988 mu. Ẹ fi fóòmù tó bófin mu rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta.

Bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà wà nílé ẹbí, kò sẹ́ni tó ń sùn lé e. Ṣé mo lè gbé e?

Kò sẹ́ni tó ń sùn lé e lónìí. Ẹ fọwọ́ kàn án lọ́la, ẹ máa rí àwọn tó ń sùn lé e.

Ohun tó wà nílé ẹbí, ti gbogbo ọmọ ni. Lábẹ́ àṣà, ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún, ìyẹn ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn iye ọmọ. Nítorí náà, pé ẹ̀yin lẹ sún mọ́ bàbá jù kò sọ ọ́ di tiyín. Ẹ lọ bá olórí ẹbí, kí ẹ sọ ọ́ nípàdé tí ìdí kọ̀ọ̀kan ti ní aṣojú. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i àti ibi tó máa wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé bóyá wọ́n fi ta yín lọ́rẹ ni àbí ẹ kàn ń bá ẹbí tọ́jú rẹ̀. Bí àga mẹ́rin bá wà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ ní kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú àga kan kí ẹ tó béèrè bẹ́ẹ̀dì.

Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ pe káfíńtà, kó gba ìwọ̀n rẹ̀, kó ṣe irú rẹ̀ fún yín.